Bí a ṣe ń mọ ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ nígbà tí a bá tún nǹkan ṣe tàbí tí a yí i padà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti òǹkọ̀wé kan nígbà kan. Ó fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun fojú wò ó. Mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àkọtọ́ wọn ṣì, mo rí kọ́mà kan tó jókòó síbi tí wọn kò pè é sí, mo tún wọn ṣe, mo sì dá iṣẹ́ náà padà pẹ̀lú ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan: “I have changed your article.” Kò pẹ́ rárá tí fóònù fi dún. Ta ló ní kí n yí àpilẹ̀kọ òun padà? Èwo ni mo yọ kúrò? Ó ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ibi tí mo bà jẹ́, kò rí i, ìyẹn gan-an ló sì túbọ̀ ń bí i nínú. Ká ní “I have corrected three typos” ni mo kọ ni, “ẹ ṣeun” ni ǹ bá gbà.

Nígbà tí mo rò ó wò, mo rí i pé Yorùbá ló tàn mí. “Mo ti bá yín tún un ṣe” gba gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: kọ́mà kan ni o, odindi ojú ìwé ni o, ẹ̀rọ tó kọṣẹ́ ni o. Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń sọ pé a fọwọ́ kan nǹkan ló tún ń jẹ́rìí sí bí ọwọ́ náà ṣe wọlé tó. Bí ẹ bá mú èyí tó tóbi jù, ẹ̀rù á ba ẹni tó ni nǹkan. Bí ẹ bá mú èyí tó kéré jù, wọ́n á ní ẹ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà yan tèmi rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bi “tún” léèrè ohun tó ń sọ

Kí ẹ tó ronú kan Gẹ̀ẹ́sì rárá, ẹ wo ibi tí “tún” dúró nínú gbólóhùn Yorùbá tó wà lọ́kàn yín. “Ó tún ilẹ̀kùn ṣe”: ilẹ̀kùn náà bàjẹ́, ó ti wá dára. “Ó tún ṣe ilẹ̀kùn”: ó ti ṣe ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ó ṣe òmíràn. Bákan náà ni “ó tún lẹ́tà náà kọ” àti “ó tún kọ lẹ́tà”. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tó jókòó sí ló yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ irú eré yìí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa ń lọ mú wá. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ á di “He repaired the door”, ìkejì á di “He made another door”. Ẹni tó tún lẹ́tà kọ, “rewrote the letter” ni. Ẹni tó tún kọ lẹ́tà, “wrote another letter” ni.

Púpọ̀ nínú “tún” tiwa ló sá pamọ́ sínú “re-” tó máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: “rewrite”, “redo”, “reread”, “reschedule”, “rephrase”. Nítorí náà, ẹ má fi “again” tì í lẹ́yìn láìnídìí. “I rewrote it again” kò ṣì, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé ẹ ti tún un kọ nígbà kan rí, ẹ wá tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti “return back” àti “revert back”, ẹrù kan náà ni a gbé lé orí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ti dárúkọ “revert” yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kí nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀: “The page has reverted to the old version.” Àwọn ènìyàn púpọ̀ ń fi ṣe “fèsì” nínú ímeèlì, “I will revert shortly”, ó sì ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní ọ́fíìsì àwọn ilẹ̀ kan, irú bí Íńdíà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí bá wá láti ibòmíràn, “reply” tàbí “get back to you” kò ní rú u lójú.

Ìlà kékeré àárín ọ̀rọ̀ náà ní agbára tirẹ̀. “Resign” ni kí ènìyàn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. “Re-sign” ni kí ó tún tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó “re-sign” á wà lórí pápá lọ́la. Èyí tó “resign” ti di ẹrù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣé ó ṣì ni, àbí ó kàn máa yàtọ̀?

Ìbéèrè yìí ló ń ya agbo ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Bí kò bá sí àṣìṣe nínú nǹkan tẹ́lẹ̀, tí ẹ kàn fẹ́ kó rí bí mìíràn, ẹ wà lọ́dọ̀ “change”, “alter”, “modify”, “adjust”, “adapt”. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀ tí ẹ yọ ọ́, ẹ ti bọ́ sọ́dọ̀ “correct”, “fix”, “repair”, “mend”, “rectify”, “amend”.

“Correct” nílò ìdáhùn kan tó tọ̀nà. Ẹ lè “correct” àkọtọ́, iye owó tí a ṣírò ṣì, àdírẹ́sì tí nọ́ńbà ilé rẹ̀ kò pé. Ẹ kò lè “correct” àwọ̀ tí ẹnìkan fẹ́ràn. Bí ẹ bá sọ fún ẹni tó ya àwòrán pé “I corrected your colours”, ohun tó gbọ́ ni pé kò mọ àwọ̀ lò.

“Fix” ni ọ̀rọ̀ ẹnu: fóònù, ẹ̀rọ, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọṣẹ́. Ó dùn ún lò, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ka tó máa ń mú ènìyàn kọsẹ̀. “Let us fix a date” kò sọ pé ọjọ́ kan bàjẹ́; ká dá ọjọ́ ni. “The match was fixed” sì burú pátápátá, màgòmágó ti wọ eré náà kí wọ́n tó gbá a. “Repair” ni “fix” tó wọ aṣọ iṣẹ́. “Rectify” wọ kóòtù àti táì: “rectify an error”, “rectify the situation”, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń “rectify” bàtà.

“Mend” àti “amend” ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú Látìn, “menda” ni àbùkù, “emendare” sì ni kí a yọ àbùkù kúrò. Ó gba ẹnu àwọn Faransé kọjá, ó di “amend”. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé orí rẹ̀, ó di “mend”. Lónìí wọ́n ti pín ogún: “mend” ló mú aṣọ tó ya, ọgbà tó wó, ìwà tó yẹ kí a tún ṣe, “mend your ways”, “amend” ló mú òfin, ìwé àdéhùn àti àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ̀kẹta wọn ni “emend”, tí ẹ kò ní pàdé àyàfi bí ẹ bá ń bá àwọn tó ń tú ìwé àtijọ́ wò rìn. Bí ẹ bá rí i nínú lẹ́tà ọ́fíìsì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ “amend” ni ọwọ́ ṣì lórí.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló fi iṣẹ́ “amend” hàn jù lọ lójú tèmi. Àtúnṣe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ní. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọlé lápapọ̀ ní ọdún 1791. Ìkejìdínlógún, ní 1919, fòfin de ṣíṣe, títà àti kíkó ọtí. Ìkọkànlélógún, ní 1933, fagi lé e. Kókó ibẹ̀ ni pé wọn kò pa ìkejìdínlógún rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú ẹni tó fagi lé e nísàlẹ̀. Bí “amend” ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìwé náà dúró, agbára rẹ̀ dúró, apá kan ni a fi kún tàbí tí a yí. Ẹni tó bá da ìwé àdéhùn nù tó kọ òmíràn kò “amend” ohunkóhun. “Replace” ló ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún “amends” tó ní “s” nídìí. Kò kan ìwé rárá. “He wants to make amends” ni pé ó ṣẹ ènìyàn, ó sì fẹ́ tù ú nínú, kó san ohun tó jẹ.

Agbo kẹta wà tí a kì í fẹ́ bá lò, ṣùgbọ́n ó yẹ ká dá a mọ̀: ìyípadà ẹ̀tàn. “Doctor the figures”, “tamper with the lock”, “falsify a record”. “Alter” pàápàá, tó jẹ́ ọmọlúàbí níbi tó pọ̀, máa ń di afurasí bó bá dé orí ìwé owó. “The cheque has been altered”: ẹnìkan ti fọwọ́ kan sọ̀wédowó náà, ọ̀rọ̀ sì ti ń rùn. Bí ọwọ́ tiyín ló kọ ọ́ ṣì tí ẹ sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́nà tó mọ́, “I corrected the amount and signed beside it” ló dára.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọn bí ọwọ́ ṣe wọlé tó

Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ kan. Ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù fún yín, ẹ gbé e sókè díẹ̀: “I adjusted the seat.” Kò sí ohun tó wọlé, kò sí ohun tó jáde, ẹ kàn mú kó bá yín mu ni. Ìjánu rẹ̀ le díẹ̀, ẹ fi ìka yí ìdè rẹ̀: “I tweaked the brakes.” Kí a fi ìka já nǹkan tàbí ká lọ́ ọ ni “tweak” látilẹ̀ wá, ẹ sì rí i pé ìka ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá so apẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí èyí tó gùn: “I modified the bike.” Kẹ̀kẹ́ náà ni ṣá, ṣùgbọ́n kò rí bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá fi mọ́tò oníná sí i lára tí kò fi nílò ẹsẹ̀ mọ́, “I converted it into an electric bike.” Ó ti kúrò ní ẹ̀yà kan bọ́ sí òmíràn. Bí ẹ bá tú u palẹ̀ ní gbogbo oríkèé, tí ẹ fọ̀ ọ́, tí ẹ pààrọ̀ èyí tó jẹ, tí ẹ sì tò ó padà, “I overhauled it.” Ẹni tó gùn ún lánàá tí kò dá a mọ̀ lónìí lè sọ pé ẹ ti “transform” rẹ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ “change” sílẹ̀. “I changed my bike” ni gbólóhùn tó lè ṣì yín lọ́nà jù nínú gbogbo wọn, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ ti gbé ti àtijọ́ sílẹ̀, ẹ ti ra tuntun. “Change” ní ojú méjì, Yorùbá sì ya wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa: “yí padà” àti “pààrọ̀”. Bí nǹkan tó tẹ̀lé e bá jẹ́ ohun tí a lè yọ kí a fi òmíràn sí i, “pààrọ̀” ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́. “Change the battery”, “change the tyre”, “change the sheets”, “change trains”. Ìyá tó sọ pé “I need to change the baby” kò ní fi ọmọ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ fún ti aládùúgbò. Ìlédìí ọmọ ló ti tutù. Bí nǹkan náà bá jẹ́ ohun tó wà lára nǹkan mìíràn, “yí padà” ló ń jẹ́: “change the colour”, “change the settings”, “change the wording”.

Ẹ wá rí ìdí tí òǹkọ̀wé mi fi gbaná jẹ. “I changed your article” fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé mo gbé tirẹ̀ kúrò, mo sì fi tèmi sí i. Bí ẹ bá fẹ́ lo “change” láìsí ìbẹ̀rù, ẹ dárúkọ apá tí ẹ yí: “I changed two words in the title.”

Aṣọ náà tẹ̀lé òfin yìí. “She changed her dress”, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn. “She had her dress altered”, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, wọ́n dín in kù tàbí wọ́n tú u sílẹ̀ kó lè gbà á. “Alter” wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “ìkejì” tàbí “òmíràn”, àwọn télọ̀ sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n lò jù. Ẹ má fi “a” rọ́pò “e” nínú rẹ̀ o. “Altar” ni pẹpẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya “adapt” kúrò lára “adopt”. “We adopted the plan”: a gbà á bó ṣe wà, ó di tiwa. “We adapted the plan”: a gé e, a rán an, kó lè bá ipò wa mu. Nínú ìròyìn ìpàdé, ìyàtọ̀ gbangba ni. Ẹni tó ni ètò náà á dunnú sí èkínní, á sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ gé nínú èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bó bá jẹ́ ohun tí a kọ sílẹ̀ ni

Ibí ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀.

“Revise” wá láti inú Látìn, “tún bẹ̀ wò” ni. Ọ̀rọ̀ wa “àtúnyẹ̀wò” fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ìyẹn ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀, torí àtúnyẹ̀wò kan náà ni a fi ń túmọ̀ “review”. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n ní kó “review” ìwé á kà á, á sì sọ èrò rẹ̀. Kò pọn dandan kó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí wọ́n ní kó “revise” rẹ̀ á kà á, á sì yí ohun tó yẹ ní yíyí. Bí ọ̀gá yín bá kọ “Please review the attached”, ẹ má dá ìwé náà padà pẹ̀lú ìpínrọ̀ tuntun mẹ́ta. Bó bá kọ “Please revise and resend”, ẹ má fi “It looks good” ránṣẹ́ sí i.

Ìtumọ̀ kejì tún wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé rẹ̀ sílẹ̀ de ìdánwò ń “revise”: “I am revising for my chemistry exam.” “Review” tàbí “study” ni ará Amẹ́ríkà ń lò fún ìyẹn. Bí ẹ bá sọ fún un pé “I am revising chemistry”, ó lè bi yín pé ilé ìtẹ̀wé wo ló gbé iṣẹ́ náà fún yín.

Lára ìwé, “revised edition” ṣèlérí pé wọ́n ti yí nǹkan nínú ìwé. “Reprint” kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn tún un tẹ̀ ni. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 ni àwọn ọ̀mọ̀wé mú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè tí a kọ́kọ́ fi kọ Bíbélì kó tó di Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún un yẹ̀ wò ní ẹsẹ-ẹsẹ, Májẹ̀mú Tuntun sì jáde ní 1881, Májẹ̀mú Láéláé ní 1885. Wọ́n pè é ní “Revised Version”. Ó rọrùn láti gbọ́ ohùn ti àtijọ́ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí “revised” fi bá a mu ju “new” lọ.

“Edit” dà bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ayé. “Editor” ló kọ́kọ́ wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn ló já ìrù rẹ̀ kúrò tí wọ́n fi rí “edit”. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni a fi ń ṣe é: fíìmù, àwòrán, ohùn tí a gbà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gba “edit”. Ẹ ti rí i lórí WhatsApp náà: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún yín láti tún àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe lẹ́yìn tó ti lọ, wọn á sì lẹ “Edited” mọ́ ọn kí ẹni tó gbà á lè mọ̀. Wọn kò lẹ “Corrected” mọ́ ọn, torí wọn kò mọ̀ bóyá àṣìṣe ni ẹ yọ tàbí ẹ̀rí ni ẹ pa rẹ́.

“Proofread” ló kéré jù, òun ló sì ń gbẹ̀yìn. “Proof” ni ìwé àyẹ̀wò tí atẹ̀wé máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ jáde kó tó tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kà á ń wá lẹ́tà tó fò àti àmì tó sọnù. Kò jẹ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà lọ́gbọ́n nínú. Bí a ṣe ń kọ ọ́ kì í yí, lánàá tàbí lónìí: “I proofread it yesterday”, bí “red” ni a sì ń pe ìdí rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìlà kan kalẹ̀ ká rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnìkan kọ ọ́ báyìí: “The meeting which was suppose to be on Tuesday will now be on Thursday because of the reason that the hall is not available.”

Ẹni tó “proofread” á fi “d” sí ìdí “suppose”, á sì dìde. Ẹni tó “edit” á dín ọ̀rá rẹ̀ kù: “Tuesday’s meeting has been moved to Thursday because the hall is not available.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀, “because of the reason that” tó ń tẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ti lọ. Ẹni tó “revise” á wo ojú ẹni tó máa kà á. Agogo mélòó? Ṣé gbọ̀ngàn kan náà ni ní Ọjọ́bọ̀? Á wá kọ ọ́ pé: “Tuesday’s meeting will now be on Thursday at 10 a.m., in the same hall.” Ìdí tí ìpàdé fi sún ti jáde, ohun tí ènìyàn nílò ti wọlé. Bí ó bá wá da gbogbo rẹ̀ nù tó tún un kọ láìwo ti àkọ́kọ́, ó “rewrite” rẹ̀ nìyẹn.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ tiyín, ẹ fi “revise” bẹ̀rẹ̀, kí “edit” tẹ̀lé e, kí “proofread” kẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tó fi wákàtí kan tò kọ́mà sínú ìpínrọ̀ tó padà gé sọnù.

“Update” ní ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣì í kọ; àkókò ló kọjá lórí ohun tí a kọ. “Please update the list” kò bá ẹnikẹ́ni wí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo bá ń kọ̀wé sí ẹni tó jù mí lọ. “Correct the list” á sọ pé ó ṣe é ṣì. “Upgrade” yàtọ̀ sí i: ẹ bọ́ sí ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi “z” kọ “modernize” àti “organize”, ṣùgbọ́n “revise” kò gba “z” níbikíbi láyé. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni “vis” inú rẹ̀, kì í ṣe ìrù tí a lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bó bá jẹ́ ọjọ́ tàbí ètò ni

“Postpone” àti “put off”, ó sún síwájú wa, ó pẹ́ sí i. “Bring forward”, ó yá ju bí a ṣe dá a lọ. “Reschedule” kò sọ èyí tó jẹ́. Ọjọ́ ti yí ṣá. “Cancel”, kò sí mọ́.

Ẹ sá fún “move forward”. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “Wednesday’s meeting has been moved forward two days”, àwọn kan á wá ní Ọjọ́ Ajé, àwọn kan á wá ní Ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì á sì búra pé àwọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀rọ̀-atọ́kùn àti “ṣe”

“Ṣe” kan ló ń ṣe “do” àti “make” fún wa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. “Make a correction”, “make changes”, “make an adjustment”, “make an amendment”: “make” ló ni wọ́n. “Do” máa ń tẹ̀lé iṣẹ́ tí à ń bá lọ: “do the editing”, “do some proofreading”. “Do correction” kò dùn létí wọn.

Ohun tí a fọwọ́ kàn gba “to”: “changes to the plan”, “an amendment to the law”. Ẹ má kọ “changes on”. Ibi tí a ti kúrò gba “from”, ibi tí a dé gba “to”: “We changed from paper to email.” Ìròyìn gba “on”: “an update on the project”.

Èyí tó ń da àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láàmú ni “replace” àti “substitute”, torí ẹ̀yìn ọ̀kan ni iwájú èkejì. Ká ní “big” wà nínú ìwé, ẹ sì fẹ́ “large” dípò rẹ̀. “Replace ‘big’ with ‘large’”: ti àtijọ́ ló ṣáájú. “Substitute ‘large’ for ‘big’”: tuntun ló ṣáájú. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ jókòó ti “replace”, kò ní já yín kulẹ̀.

“Ètò ti yí padà” lè jẹ́ “The plan has changed” tàbí “The plan has been changed”. Ìkejì ń sọ pé ẹnìkan ló yí i, ẹni tó ń kà á á sì máa wá ẹni náà. “Revise”, “amend” àti “edit” kò tilẹ̀ lè dá dúró bẹ́ẹ̀. Kò sí “The plan revised”. “The plan was revised” ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ padà

Bí ẹ bá ń lo Word, ẹ tan “Track Changes” lábẹ́ “Review” kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lórí Google Docs, ẹ yan “Suggesting”. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe á hàn, kò sì sí ẹni tó máa pè yín lóru. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni náà fúnra rẹ̀ yí nǹkan, “I suggest changing the title” dára, “Could you change the title?” dára. Ẹ má kọ “I suggest you to change”. “Change the title” lásán dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pàṣẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà kan tó sọ bí ọwọ́ ṣe wọlé tó, kó sì sọ ibi tó dúró: “I corrected three typos and left one question in the second paragraph. Nothing else has been changed.” Irú ìlà yìí ni mo ń kọ sí òǹkọ̀wé mi láti ọjọ́ náà. Òun náà ti kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀: “Proofread only. Do not edit.” Mo ṣe bó ṣe wí, mo wá lẹ́tà tó fò, mo fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹta ló pè, ó ní ìpínrọ̀ kẹrin òun rí rúdurùdu báyìí, kí ló dé tí mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.